Èmi Ni Mo Yí Àárín Orin Náà Padà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á dé ìsàlẹ̀. Ọdún méje ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà kankan. Mo ti gbàdúrà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àdúrà pàápàá, mi ò dárúkọ ohun tí mo ṣe rí. Mo kàn máa ń ní kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí, lẹ́yìn náà màá yára lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n máa mú obìnrin arúgbó kan wá síwájú pẹpẹ ìjọ wa, kí ó wá jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n sì ti ní kí n wá ta gìtá níbẹ̀.

Onígìtá ni mí. Pópó Yemọja ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi mú mi wọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ní yàrá kan nítòsí Bẹẹrẹ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gìtá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kọ orúkọ mi síbí. Ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ náà kàn, màá pè é ní Múyìíwá. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Èmi àti Múyìíwá jọ dàgbà ni. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé àtijọ́ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń gbé nínú ilé náà. Tíṣà ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì bímọ. Àǹtí Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìjọ Áńgílíkà ni ó ń lọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ "dó, ré, mí" sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún èmi àti Múyìíwá, tó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwa ń kọ ọ́ lórin tẹ̀lé e. Òun náà ló ra gìtá fún Múyìíwá nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Gìtá kan ṣoṣo yẹn ni àwa méjèèjì fi kọ́ṣẹ́. Bí Múyìíwá bá ti ta á díẹ̀, á gbé e fún mi. Kò ṣahun rẹ̀ sí mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, torí inú ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Orin tí àwa méjèèjì fẹ́ràn jù ni jáàsì alámùúlùmálà, èyí tí wọ́n ti po jáàsì pọ̀ mọ́ fọ́ńkì àti rọ́ọ̀kì, tí àwọn ará ibí tún máa ń fi jùjú díẹ̀ sí. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ó máa ń dé ibì kan tí àwọn yòókù á rọra máa lù lábẹ́, tí onígìtá nìkan á wá máa sọ tẹnu rẹ̀. Sólò là ń pe ìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ohùn tó bá ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀ mu. Àwọn ohùn tí a tò tẹ̀lé ara wọn yẹn là ń pè ní síkéèlì. Ibi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ wọn ló ń sọ wọ́n di móòdù kan tàbí òmíràn.

Ohùn méje kan náà ni. Bí o bá gbà á láti "dó" dé "dó", á dún bí orin ìsìn. Bí o bá gbà á láti "ré" dé "ré", Dóríà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìbànújẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn. Láti "mí" dé "mí" ni Firíjíà. Firíjíà dúdú. Ó dà bí ìgbà tí òjò ṣú, tí atẹ́gùn sì dúró. Láti "fá" dé "fá" ni Lídíà, òun sì mọ́lẹ̀, ó dà bí ẹni tó gun òkè Mápó láàárọ̀, tó ń wo òrùlé gbogbo ìlú. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń tẹ Firíjíà, tí ẹnì kan wá lọ fi Lídíà lé e lórí, á dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n tẹ́ òkú sí.

Orúkọ àwọn móòdù yìí, èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Mo kà wọ́n nínú ìwé, mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ wọn títí orí ìka mi fi yi. Múyìíwá kò mọ orúkọ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ìka rẹ̀ ti débẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ta gìtá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Tíṣà jókòó, ó ń gbọ́ wa. Ó ní, "Etí Múyìíwá yìí, Ọlọ́run ló fún un. Tìrẹ, iṣẹ́ ni o fi ń ṣe, o sì ń gbìyànjú." Ó fi yìn mí ni. Mo mọ̀ pé ó fi yìn mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí a ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ọkùnrin kan tó ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lókè òkun padà wá sí Ìbàdàn. Ó fẹ́ kó ẹgbẹ́ olórin jọ, kí wọ́n máa ta jáàsì alámùúlùmálà kiri ilẹ̀ Áfíríkà, bóyá kí wọ́n tún kọjá síwájú. Ó ti rí gbogbo èèyàn tó fẹ́ àfi onígìtá kan. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ránṣẹ́. Èmi ni mo fi orúkọ àwa méjèèjì ránṣẹ́ láti orí fóònù mi, torí fóònù kékeré alátọ̀ọ́ṣì ni Múyìíwá ń lò nígbà yẹn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni ọkùnrin náà fi orin tí a máa fi dán wa wò ránṣẹ́ sí. Yàtọ̀ sí béèsì, orin náà kò ní gìtá nínú. Ohun tó fẹ́ ni kí oníkálukú lọ kọ́ ọ, kí ó sì wá ta sólò tirẹ̀ lé e lórí níwájú wọn.

Mo gbọ́ orin náà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Gìtá béèsì dúró lórí ohùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dóríà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ó rọra bọ́ sí Firíjíà láìjẹ́ pé béèsì kúrò lójú kan. Ohùn méjì péré ló sọ̀ kalẹ̀, gbogbo orin náà sì ṣókùnkùn. Mo mọ ohun tí Múyìíwá máa fi ibẹ̀ ṣe. Mo ti ń gbọ́ ọ nínú orí mi, mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn tó bá ta tirẹ̀ tán, kò sí ẹni tó máa fẹ́ gbọ́ tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín pé èṣù ló ti mi. Mo yá kíbọ́ọ̀dù ìjọ wa. Mo fi ọ̀sán méjì jókòó tì í. Mo gé àárín orin náà kúrò, mo sì tẹ òmíràn sí i, mo fi Lídíà síbẹ̀ dípò Firíjíà. Mo so wọ́n pọ̀ lórí fóònù mi títí ojú ibi tí mo gé kò fi hàn mọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé mi, mi ò fara balẹ̀ ṣe èyíkéyìí tó ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo fi í sínú mẹ́mọ́rì kékeré tó ń wọ fóònù alátọ̀ọ́ṣì, mo gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ mi.

Múyìíwá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un gbọ́.

Ó ní, "Àárín yìí ṣàjèjì sí mi. Kò bá ìyókù rẹ̀ mu."

Mo ní, "Bí ọ̀gá yẹn ṣe ń ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Lídíà ni. Tó bá ti débẹ̀, láti 'fá' dé 'fá' ni kó o máa bá lọ."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ta á. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń ṣe ní Bẹẹrẹ dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí. Ó ta ohun tí kò tọ̀nà yẹn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dùn mọ́ èèyàn létí.

Lọ́jọ́ kan, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó tibi iṣẹ́ dé. Mo jókòó, mo ki íapíìsì bọ etí, mo fi gìtá tèmi ta orin náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá yẹn ṣe fi í ránṣẹ́. Mo gbàgbé pé Àǹtí Tíṣà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo ta àárín rẹ̀ tán, mo rí i pé ó ti gbójú sókè.

Ó ní, "Ṣé orin tí Múyìíwá ń ta nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Òmíràn ni, mà."

"Ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra."

"Wọ́n máa ń jọra bẹ́ẹ̀, mà."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn òkè Mápó ni wọ́n lò, lọ́sàn-án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń wọlé, àwọn tó kù ń dúró níta lábẹ́ ibòòji. Múyìíwá ṣáájú mi. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan tó dúró tì mí mi orí, ó ní, "Ta nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ó dé àárín. Múyìíwá wọ Lídíà pẹ̀lú ìgboyà, kíbọ́ọ̀dù sì wọ Firíjíà lábẹ́ rẹ̀. Múyìíwá dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tí ó ń wá ọ̀nà. Etí rẹ̀ ń sọ fún un pé kì í ṣe ibí, ṣùgbọ́n ìka tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ ń padà síbẹ̀ ṣáá, torí ó gbà mí gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ gìtá mọ́.

Èmi ló kàn. Mo wọlé, mo ta tèmi. Èmi ni wọ́n mú.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Ọjà'ba, Múyìíwá ní, "Ṣé wọ́n yí àárín ẹ̀ padà ni?"

Mo ní, "Rárá o. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ náà ni."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Bóyá ẹ̀rù ló bà ẹ́."

Ó rìn díẹ̀. Ó ní, "Àbí etí mi ló ń ṣe mí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè parí rẹ̀ níbẹ̀. Mo lè wólẹ̀ lójú títì yẹn kí n sì bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ó ṣeé ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ gba mẹ́mọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ bá a fi àwọn orin mìíràn sí i. Mo pa èyí tí mo yí rẹ́, mo fi èyí tó tọ̀nà síbẹ̀, mo sì dá a padà fún un. Ó tún orin náà gbọ́ níṣojú mi. Nígbà tó dé àárín, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lánàá rèé lóòótọ́. Kí wá ni mò ń gbọ́ látijọ́ yìí?" Mo ní mi ò mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kò fọkàn tán etí rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ta nǹkan, á bi mí léèrè bóyá ó tọ̀nà, èmi tí kò bi léèrè nǹkan kan rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Bí ó bá ti fọwọ́ kan okùn gìtá báyìí, ìka méjì á ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, kò ní lè nà wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú, tí bébà ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú un wá sí ìjọ wa.

Ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Èmi ni mò ń ta gìtá. Ìyá Múyìíwá ti rojọ́ gbogbo rẹ̀ fún Wòlíì ìjọ wa, pé ọmọ òun ń gbọ́ ohun kan tí àwọn èèyàn ń gbọ́ òmíràn. Wòlíì di ojú. Ó ní òun rí igi kan tí okùn wà lára rẹ̀. Ó ní obìnrin kan ló gbé e fún ọmọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ sì ni obìnrin náà. Ó ní ọwọ́ tó gbé igi náà fún un ni ó di ìka rẹ̀ mú.

Ìyá Múyìíwá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ló ra gìtá fún un."

Gbogbo ilé ìsìn yíjú sí i. Èmi nìkan ni mo ń ta nǹkan lọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí mú Àǹtí Tíṣà wá. Nígbà yẹn ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn tirẹ̀, ó mú ìwé orin rẹ̀ dání, bóyá ó rò pé àdúrà lásán ni. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó tú ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò ṣe nǹkan kan fún ọmọ yìí ju pé mo ra gìtá fún un." Àwọn obìnrin tó dúró yí i ká pariwo àdúrà. Wòlíì nawọ́ sí mi pé kí n máa bá a lọ.

Mo ń bá a lọ. Mi ò ronú ohun tí mo ń ta. Ọwọ́ mi kàn ń lọ níbi tó bá fẹ́, ibi tó sì lọ ni Firíjíà, àárín orin yẹn gan-an. Mi ò mọ̀ títí mo fi rí i tí Àǹtí Tíṣà yí orí padà lórí eékún rẹ̀. Kò wo ojú mi. Ìka mi ló ń wò. Ó wò ó pẹ́. Mo rí i tí ó ń fi ẹnu ka ohùn náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń kà á fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà ó gbójú sílẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan títí ọ̀sán fi pọ́n.

Wọ́n sun gìtá náà nínú ọgbà ìjọ. Kò pé oṣù kan tí àwọn ẹbí fi ní kí Àǹtí Tíṣà jáde nínú ilé bàbá rẹ̀. Ó gba yàrá kan ní Ìdí Arẹrẹ. Àwọn tó ti kọ́ ní ìwé rí ń sọdá sí òdìkejì títì bí wọ́n bá rí i. Múyìíwá kò fọwọ́ kan gìtá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìrìn àjò ẹgbẹ́ olórin náà bẹ̀rẹ̀, èmi bá wọn lọ. A dé Àkúrá, a dé Dàkár, a dé àwọn ibì kan tí mi ò rò pé mo lè dé. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà fi túká. Ní gbogbo ibi tí a ti ta orin yẹn, ó máa ń dé àárín, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi á sì máa wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo padà wálé. Mo padà sí ìjọ wa. Wọ́n fi ayọ̀ gbà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí. Múyìíwá ti gbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í ṣí. Ìka rẹ̀ ká pọ̀ bí ẹni tó di nǹkan mú. Àwọn dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní iṣan ọwọ́ náà ló kúrú, wọ́n sì kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa nà án díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Múyìíwá wo ọwọ́ òsì yẹn, ó ní ọwọ́ kan náà ni. Ó ní obìnrin yẹn kò tíì tú wọn sílẹ̀.

Wòlíì àtijọ́ ti kú. Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí kéré lọ́jọ́ orí, ó sì le. Ó ní ní Sátidé, kí wọ́n mú obìnrin náà wá, kò sì ní kúrò níwájú pẹpẹ títí yóò fi jẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú agboolé Múyìíwá ti ń sọ pé bí kò bá jẹ́wọ́, kò ní padà sí Ìdí Arẹrẹ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo fojú mi rí ìlà náà lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún méje ni mi ò ti wọ ọ̀dọ̀ Àǹtí Tíṣà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé, ó bi mí nípa ìyàwó mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀, látorí kíbọ́ọ̀dù tí mo yá títí dé mẹ́mọ́rì tí mo pààrọ̀ ohun inú rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀ látọjọ́ tí mo wà lórí eékún. Àárín tí mo gbọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ tí mò ń ṣa ẹ̀wà ni. Ìyẹn kọ́ ni Múyìíwá ń ta, ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń gbọ́ nínú fóònù ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, mà?"

"Ta ni ì bá gbọ́? Wọ́n á ní mò ń wá ẹni tí màá gbé e lé lórí." Ó fa àga kan sún mọ́ mi. "Mo sì rò pé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wàá sọ ọ́ fúnra ẹ. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Mo rò pé mo mọ̀ ẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyàwó mi ní Ọ̀yọ́ kí Sátidé tó dé. Ó kọ̀. Ó ní, "Bí mo bá sá, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo ti kó jáde nílé kan rí." Mo sunkún. Kò bá mi sunkún, kò sì bú mi. Ó ní, "Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o wá sọ ọ́ fún." Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yẹn, sọ fún ìyá ẹ̀ kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ ọ kó tó nà án. Kò ní dun ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀."

Mo pe Múyìíwá lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ní mo fẹ́ rí i. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà.

Ó ní, "Àní kí n pè ẹ́ ni. Ìwọ nìkan lọkàn mi balẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Màmá ní kó o dúró sún mọ́ Àǹtí Tíṣà lọ́jọ́ Sátidé, torí wọ́n kọ́ ìwọ náà. Bóyá tí ìwọ bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́wọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo lo ní o fẹ́ sọ?"

Mo ní kò burú, pé tí a bá ríra, a ó sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá lọ sọ ọ́ fún òun nìkan nílé rẹ̀, mo ń bẹ̀rù pé ìtìjú ìyá rẹ̀ lè mú kí ó pa á mọ́ra, kí wọ́n sì mú obìnrin yẹn lọ síbẹ̀ náà. Bí mo bá dúró di Sátidé, kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ọ̀dọ́ yẹn á jẹ́ kí n jáde nínú ọgbà náà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n á ti ṣe fún Àǹtí Tíṣà kí n tó rí àyè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan. Ó ti lọ aṣọ funfun mi fún Sátidé, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú ni mo ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má sì sọ fún mi pé ìkà ni mí, mo mọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju gbólóhùn kan lọ. Èwo ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá jókòó síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, tó ń rọra na ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan?